Fọ́tò táwọn èèyàn gbé sórí áàpù Java: inú dátábéèsì ni, àbí inú fódà?

Ìbéèrè láti Sábó, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń bá ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan kọ áàpù. Java ni mo fi kọ ọ́, orí Tomcat, sáfà tó ń gbé áàpù Java, ló ń ṣiṣẹ́, MySQL ni mo sì lò fún dátábéèsì. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó á ya fọ́tò ọjà tàbí ẹ̀rọ tó fẹ́ fi dúró. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé títí mo fi gbé WAR tuntun (fáìlì kan tí wọ́n di gbogbo áàpù sí) síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí Tomcat ṣe dìde báyìí, kò sí fọ́tò kan ṣoṣo mọ́. Orúkọ wà, àkọsílẹ̀ owó wà, ojú àwọn èèyàn ò sí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń wò mí bí ẹni tó kó owó jẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kó gbogbo fọ́tò sínú dátábéèsì, pé wọn ò ní sọnù mọ́. Ẹlòmíràn ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ò mọṣẹ́. Ta ni kí n gbọ́?

* * *

Àbúrò mi, ká kọ́kọ́ mọ ohun tó kó fọ́tò lọ ká tó dá ẹjọ́ dátábéèsì. Ó dá mi lójú pé `getServletContext().getRealPath("/uploads")` wà níbì kan nínú kóòdù rẹ. Bí Tomcat bá gba WAR, á tú u sínú `webapps`. Ibẹ̀ ni `getRealPath` ń tọ́ka sí, ibẹ̀ náà lo sì ń kó fọ́tò àwọn èèyàn sí. Lọ́jọ́ tí WAR tuntun bá dé, Tomcat á pa fódà àtijọ́ rẹ́ pátápátá, á tú tuntun sí ipò rẹ̀. Kò jí nǹkan kan gbé, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Bí wọ́n bá sì ní kó má tú WAR rárá, `null` ni `getRealPath` máa dá padà fún ọ.

Ẹ̀yin oní-Spring Boot (ohun èlò ìkọ áàpù Java) tí áàpù yín jẹ́ fáìlì jar kan ṣoṣo, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Inú `/tmp`, fódà ìgbà díẹ̀, ni tiyín wà. Àwọn Linux kan wà tó jẹ́ pé ohun tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ní `/tmp` fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n á gbá a dànù. Ìdí nìyẹn tí áàpù tó ti ń gba fọ́tò látọjọ́ pípẹ́ fi máa ń ṣàdédé kọ̀, tí á máa pariwo pé "The temporary upload location is not valid". Ẹ tún un tan, á gbà á. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ariwo tún dé. Ẹ ṣí fódà tiyín, kí ẹ sì kọ ọ̀nà rẹ̀ sí `spring.servlet.multipart.location`.

Ẹjọ́ yòówù tí a bá dá lórí dátábéèsì, èyí ò ní yí padà: fọ́tò oníbàárà kò gbọdọ̀ sí nínú áàpù. Ṣí `/srv/aworan` fún un, kí o sì fi ọ̀nà náà sínú ètò ìṣàkóso tó wà lẹ́yìn WAR, kì í ṣe inú kóòdù.

* * *

Ẹni méjì ti padà wá sọ pé àwọn ti ṣí `/srv/aworan`, àwọn ti fi `chown` fún Tomcat láṣẹ lórí rẹ̀, síbẹ̀ "Read-only file system" ni Java ń sọ. Ẹ má fi `chmod 777`, tó ń ṣí fódà fún gbogbo ayé, bá a jà. Tomcat 9 tí ẹ fi `apt` gbé sórí Debian tàbí Ubuntu, systemd, ètò tó ń tan iṣẹ́ lórí Linux, ló dè é mọ́lẹ̀. Ó ti ka ibi tó lè kọ nǹkan sí fún un: `webapps` wà níbẹ̀, fódà lọ́ọ̀gì wà níbẹ̀, `/srv` ò sí níbẹ̀. Ẹ ṣe `sudo systemctl edit tomcat9`, kí ẹ kọ èyí sí i:

    [Service]
    ReadWritePaths=/srv/aworan

Ẹ tún Tomcat tan, ó tán. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tú Tomcat láti inú fáìlì zip ò ní bá èyí pàdé, ìyẹn ló sì fà á tí ẹnìkan fi ń sọ pé "tèmi ń ṣiṣẹ́" tí ẹnìkejì ń búra pé kò ṣiṣẹ́. Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì ń sọ.

* * *

Ó wá ku ìjà gan-an. Mo ti ka èsì yín, ọ̀nà mẹ́ta la pín sí. Àwọn kan ní dátábéèsì kì í ṣe ilé fọ́tò, pé á wú, pé á máa falẹ̀. Àwọn kejì ní ibẹ̀ nìkan lọkàn àwọn ti balẹ̀, torí bí wọ́n bá yọ ọmọ ẹgbẹ́ kan kúrò, fọ́tò rẹ̀ á bá a lọ nínú transaction kan náà, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tó jọ ń yọrí tàbí tó jọ ń kùnà. Àwọn kẹta ní ká gbé gbogbo rẹ̀ fún Amazon S3, ibi ìtọ́jú fáìlì tí wọ́n ń yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ká lọ sùn. Màá dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn tó bá yá.

"Á máa falẹ̀" yẹn, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Ní 2006, Jim Gray àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Microsoft Research gbé ọ̀rọ̀ yìí lé ìwọ̀n, SQL Server lápá kan, fáìlì lórí NTFS lápá kejì. Ohun tí wọ́n rí ni pé èyí tí kò bá tó 256KB, dátábéèsì ló dáa jù fún un. Èyí tó bá ju 1MB lọ, fódà ni. Àárín méjèèjì dọwọ́ bí ẹ ṣe ń lò ó, pàápàá bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ̀rọ ti yàtọ̀ sí tìgbà náà, mi ò ní kí ẹ sọ 256KB di òfin. Àmọ́ pásípọ́ọ̀tù tí a ti dín kù sí 400 píksẹ́lì níbùú, ó ṣòro kó tó 60KB. Ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 300, gbogbo ojú wọn pọ̀ ò tó 20MB. Ta ló ń pe ìyẹn ní wíwú?

Kì í tiẹ̀ ṣe ìyára ni mo fi ń pinnu. Ohun tí mo máa ń bi èèyàn ni pé: ta ni yóò máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kí ló sì mọ̀ ọ́n ṣe? Níbi tí wọ́n ti ní ẹnjiníà, ẹ kó o sí fódà, `rsync` á máa gbé e lóru. Ní ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù, akọ̀wé ló ń tẹ bọ́tìnì kan lọ́jọ́ Ẹtì, dump (ẹ̀dà gbogbo dátábéèsì tí `mysqldump` ń ṣe) á jáde, á kó o sórí fláàṣì, ó di ilé. Ta ni yóò rántí pé fódà kan tún wà níbòmíràn? Mo mọ iléeṣẹ́ kan ní ìlú yìí tí díìsìkì wọn kú. Gbogbo àkọsílẹ̀ ló padà wá látinú dump, fọ́tò kan ò padà. Ẹni tó ṣètò ẹ̀dà ìpamọ́ ò mọ̀ pé fódà wà, ẹni tó kọ áàpù sì ti lọ sí Èkó.

Nítorí náà, ẹni tó ní "kò mọṣẹ́" yẹn, ẹnu rẹ̀ ti yá jù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣe é dáadáa. `BLOB` lásán nínú MySQL, irú kọ́lọ́ọ̀mù tó ń gba báìtì, 65,535 báìtì ló gbà. Bí strict mode bá wà ní títàn, á kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa á, á gé fọ́tò yín láìbá Java sọ nǹkan kan: ẹ óò rí iwájú orí, ẹ óò rí ojú, láti imú lọ sílẹ̀ á di àwọ̀ eérú. `MEDIUMBLOB` ni kí ẹ lò, ó gba 16MB.

Ẹ má sì fi báìtì fọ́tò sínú tábìlì tí orúkọ wà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tó ń bú dátábéèsì ti forí gbá. `@Basic(fetch = FetchType.LAZY)` lórí `byte[]`, tó ní kí báìtì dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀, àmọ̀ràn lásán ni lójú Hibernate, ètò tó ń so Java pọ̀ mọ́ dátábéèsì. Bí ẹ ò bá ṣe bytecode enhancement (kí Hibernate tún kíláàsì yín ṣe lẹ́yìn tí ẹ kọ ọ́ tán), gbogbo fọ́tò ló máa kó wá nígbàkigbà tí ẹ bá pe orúkọ. Akọ̀wé kàn fẹ́ wo àkójọ ọmọ ẹgbẹ́, ó wá jókòó ti 20MB. Ẹ fún fọ́tò ní tábìlì tirẹ̀: `id` ọmọ ẹgbẹ́, báìtì, ọjọ́ tó wọlé. Ẹ̀yin oní-PostgreSQL, `bytea` ni tiyín. Bí ẹ bá lẹ `@Lob` mọ́ `byte[]`, Hibernate á lo `oid`, fọ́tò á wà lọ́tọ̀ láàárín large objects, kò sì ní kúrò bí ẹ tilẹ̀ pa ìlà rẹ̀ rẹ́.

Ẹni tó ní òun ń sọ fọ́tò di Base64, ìyẹn lẹ́tà lásán, kí òun tó kó o sí kọ́lọ́ọ̀mù `TEXT`: ẹ ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìwọ̀n rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí èrè kankan níbẹ̀.

* * *

Ẹnìkan láti Iléṣà kọ̀wé pé òun ò rí ìṣòro kankan, pé orúkọ tí fáìlì bá gbé wọlé náà lòun fi ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ òṣómàáló, lórí èyí, èmi náà á lóṣòó títí ẹ ó fi gbà.

Fọ́tò tó bá gba orí WhatsApp kọjá lórí Android, ọjọ́ àti nọ́ńbà ló ń jẹ́: `IMG-20250314-WA0000.jpg`. Fọ́tò àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì, á tún bẹ̀rẹ̀ láti 0000. Ẹni méjì lè ní orúkọ fáìlì kan náà gẹ́lẹ́ lórí fóònù méjì. Ìyá kan á gbé fọ́tò ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ wọlé láàárọ̀, bàbá kan á gbé ti ọ̀kadà rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án, ìgbìmọ̀ á wá máa béèrè lọ́wọ́ ìyá pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún.

Ìyẹn ṣì kéré. Orúkọ tí `getSubmittedFileName()` ń fún yín, ọwọ́ ẹni tó ń gbé fáìlì wọlé ló ti wá, ó sì lè kọ ohunkóhun síbẹ̀. Ó lè kọ `../../webapps/ROOT/a.jsp`. Bí ẹ bá so ìyẹn mọ́ ọ̀nà fódà yín láìyẹ̀ ẹ́ wò, JSP náà, kóòdù tí Tomcat máa ń ṣe bí wọ́n bá pè é, á ṣiṣẹ́, sáfà ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ fún un lórúkọ tiyín, ẹ lo UUID, nọ́ńbà gígùn tí kì í bára mu:

    String oruko = UUID.randomUUID() + ".jpg";
    Path ibi = Path.of("/srv/aworan").resolve(oruko);
    try (InputStream in = part.getInputStream()) {
        Files.copy(in, ibi);
    }

Bí wọ́n bá fẹ́ rí orúkọ àtijọ́, ẹ kọ ọ́ sí kọ́lọ́ọ̀mù kan. Orí díìsìkì ni kò gbọdọ̀ dé.

Irú fáìlì náà ńkọ́? Ẹ má gba ohun tí `getContentType()` bá sọ, bráúsà ló ń sọ ọ́. Ẹ wo báìtì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: FF D8 FF ni JPEG, 89 50 4E 47 ni PNG. Èyí tó dáa ju ìyẹn lọ ni kí ẹ jẹ́ kí Java ṣí i, kó sì tún un kọ. Ohun tí kì í ṣe fọ́tò ò ní ṣí. SVG, ẹ má gbà á rárá lọ́wọ́ àlejò, torí JavaScript lè wà nínú rẹ̀.

Ẹ tún jọ̀ọ́, kóòdù Commons FileUpload tí ẹ ń dà kọ láti ibi àtijọ́ yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Láti Servlet 3.0, tó jáde ní 2009, ni `@MultipartConfig` àti `getPart` ti wà. Bí ẹ bá wà lórí Tomcat 10, `jakarta.servlet` ló ń jẹ́ báyìí, `javax` inú kóòdù àtijọ́ ò ní bá a mu.

* * *

Ẹnìkan ní, "Fọ́tò kékeré ń wọlé, ńlá ò wọlé." Ẹnubodè méjì ló wà. nginx, sáfà tó ń dúró níwájú Java, kì í gbà ju 1MB lọ àfi bí ẹ bá yí `client_max_body_size` padà, 413 ló máa fi lé yín. Spring Boot tó wà lẹ́yìn rẹ̀, 1MB lòun náà ń gbà fún fáìlì kan, 10MB fún gbogbo ìbéèrè. Ẹni tó ṣí ọ̀kan láìṣí èkejì ò tíì ṣe nǹkan kan.

Bí ẹ bá ti ṣí i tán, ìrántí ẹ̀rọ ló kàn. Ẹ wo àwọn ayàwòrán tó máa ń dúró sí Ẹnuwá lọ́dún Ọlọ́jọ́, nígbà tí Ọ̀ọ̀ni bá dé adé Aàrẹ jáde. Ẹnìkan nínú wọn lè fẹ́ kí ẹ kọ áàpù tóun á ti máa ta fọ́tò. Kámẹ́rà tó ń ya 6000 lórí 4000 píksẹ́lì, fáìlì rẹ̀ lè jẹ́ 10MB péré, ṣùgbọ́n bí `ImageIO.read` bá ti tú u, báìtì mẹ́ta ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: mílíọ̀nù 72 báìtì fún fọ́tò kan. Bí ẹni mẹ́wàá bá gbé e wọlé pa pọ̀, `OutOfMemoryError` ti dé. Ẹ fi `ImageReader` béèrè ìbú àti gígùn kí ẹ tó tú ohunkóhun, èyí tó bá ju ohun tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ dá a padà tàbí kí ẹ lo `setSourceSubsampling`. Irú iṣẹ́ yìí, fódà ni láìsí àríyànjiyàn. Bí ẹ bá rí mi tí mò ń ti fọ́tò Ọlọ́jọ́ bọ MySQL, ẹ dá mi dúró.

Àwọn tó ń béèrè ìdí tí fọ́tò fi ń dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: fóònù kì í sábà yí fọ́tò fúnra rẹ̀, inú EXIF, àlàyé tó wà nínú fáìlì fọ́tò, ló ń kọ ọ́ sí pé "ẹ yí mi". ImageIO ò wo ibẹ̀. Bí ó bá sì tún fọ́tò kọ, EXIF ti lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé ó yẹ kó dìde. Thumbnailator, ohun èlò Java fún dídín fọ́tò kù, máa ń wò ó, á sì yí i fún yín kó tó dín in kù.

Ẹ má sunkún EXIF tó lọ. Inú rẹ̀ kan náà ni fóònù lè kọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò sí, dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọmọ ẹgbẹ́ ya jẹnẹrétọ̀ tuntun nínú ilé rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, ẹ gbé e jáde bó ṣe wà: ẹ ti fi ọjà han olè, ẹ sì ti júwe ilé fún un.

* * *

Bí fọ́tò ṣe ń padà dé ojú bráúsà. Mo rí i tí ọ̀pọ̀ ń kọ servlet (kóòdù Java tó ń dá bráúsà lóhùn) tó ń ka fáìlì báìtì báìtì. Kí Java máa jókòó ti irú ìyẹn dà bí kí ọ̀gá tẹ́lọ̀ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó lọ máa ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Bí nginx bá wà níwájú, `location` kan pẹ̀lú `alias` ti tó. Bí Tomcat nìkan lẹ ní, `Context` tó ní `docBase="/srv/aworan"` á ṣe é, òun fúnra rẹ̀ á sì bójú tó `ETag` àti `Last-Modified`, àmì tó ń jẹ́ kí bráúsà mọ̀ pé fọ́tò ò tíì yí padà. Servlet tí ẹ fọwọ́ kọ kì í sábà rántí ìyẹn, fọ́tò kan náà á wá máa jẹ dátà àwọn èèyàn lójoojúmọ́. Níwọ̀n bí UUID ò ti ní yí padà, ẹ fi `Cache-Control: max-age=31536000, immutable` sí i, bráúsà ò ní béèrè mọ́ fún ọdún kan.

Ìyẹn wà fún fọ́tò ọjà. Ti pásípọ́ọ̀tù yàtọ̀. Ojú èèyàn àti orúkọ rẹ̀ jẹ́ ohun tí Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 dá sí, mo sì ti rí áàpù tó jẹ́ pé `/foto/1.jpg`, `/foto/2.jpg` ni. Ọmọdé tó mọ nọ́ńbà á kó gbogbo ẹgbẹ́ yín lọ. Ibí ni servlet ti wúlò: kó kọ́kọ́ wo ẹni tó wọlé, kó tó gbé fọ́tò sílẹ̀. Bí fọ́tò bá wà ní fódà, kí Java yẹ ẹni náà wò, kó fi `X-Accel-Redirect` sínú èsì, kí nginx wá gbé e láti `location` tí ẹ ti kọ `internal` sí.

* * *

Ẹ̀yin S3. Mi ò bá yín jà. Láti 2006 ló ti wà, ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà káàkiri ayé ò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, owó oṣooṣù ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù sì jẹ́ náírà. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò nínú kóòdù yín: presigned URL, ìlínkì ìgbà díẹ̀ tó ń ṣí fọ́tò, kì í ju ọjọ́ méje lọ. Bí ẹ bá kó URL náà sí dátábéèsì dípò key (orúkọ fáìlì náà lórí S3), fọ́tò á máa hàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ óò máa wá ẹni tó jí i.

* * *

Àbúrò mi láti Sábó, mo ti rí ìbéèrè rẹ tuntun, bóyá àwọn fọ́tò tó sọnù ṣì lè padà wá. Àwọn tó ti lọ, Tomcat ò tọ́jú ẹ̀dà wọn. Bí orí díìsìkì náà kò bá tíì sí ẹni tó kọ nǹkan púpọ̀ sí i, ètò tó ń wá fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ lè mú díẹ̀ wá, àmọ́ ó yá kí o ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́: ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù wọn.

Tèmi fún ọ nìyí. Pásípọ́ọ̀tù, dín in kù, fi í sínú MySQL, tábìlì tirẹ̀, `MEDIUMBLOB`. Fọ́tò ọjà, dín òun náà kù sí nǹkan bí 1200 píksẹ́lì, kó o sí `/srv/aworan`, orúkọ rẹ̀ nínú dátábéèsì. Bọ́tìnì akọ̀wé gbọ́dọ̀ kó fódà náà pọ̀ mọ́ dump, kì í ṣe kó o kọ́ ọ ní bọ́tìnì kejì.

Ẹnìkan bi mí pé èwo ló yẹ kó ṣáájú, fáìlì ni àbí ìlà dátábéèsì. Nígbà tí ẹ bá ń gbà á wọlé, fáìlì ni. Nígbà tí ẹ bá ń pa á rẹ́, ìlà ni. Bí wọ́n bá wá mú iná lọ láàárín, fáìlì tí kò ní ìlà ló máa kù, ìyẹn ò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ètò kan lè máa gbá wọn lóru, bí kò bá ti fọwọ́ kan èyí tí kò tíì pé ọjọ́ kan. Ẹ kọ fáìlì pẹ̀lú orúkọ ìgbà díẹ̀ nínú fódà kan náà, kí ẹ fi `Files.move` àti `ATOMIC_MOVE` sọ ọ́ lórúkọ gidi nígbà tó bá pé, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ààbọ̀ fọ́tò.

Dump náà, fi `--hex-blob`, tó ń kọ báìtì bíi lẹ́tà hex, sí i. Ìwọ̀n fọ́tò inú rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, fláàṣì á sì gbà á. Kó o tó fà á lé akọ̀wé lọ́wọ́, dá a padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lẹ́ẹ̀kan, kí o ṣí fọ́tò bíi mẹ́ta nínú rẹ̀.